Ẹ Kú Uṣẹ́ O

Mi ò ní búra. Ọmọ ìjọ ni mí, wọ́n sì ti kọ́ wa pé kí bẹ́ẹ̀ ni wa jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ohun tí mo fẹ́ kọ sílẹ̀ yìí ṣẹlẹ̀. Ojú mi ló ṣe, ọwọ́ mi sì wà níbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ jiyàn, kó gba ọ̀nà Ìgèdè jáde láti Adó, kó yà sí ṣọ́ọ̀ṣì kékeré onípáànù tó wà lápá ọ̀tún, kó wo ògiri iwájú. Ohun tí yóò rí níbẹ̀ kọ́ ni èmi ń rí. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà.

Bámgbóyè ni orúkọ mi. Ọlọ́dà ni wọ́n ń pè mí nílùú, nítorí ọ̀dà ni mo ń kùn jẹun. Èkó ni mo ti kọ́ ọ, lọ́wọ́ ará Sàró kan tí kì í rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo padà sí Adó, èmi nìkan ló lè ya ènìyàn sára ògiri kí aládùúgbò sì dá a mọ̀. Mo ya ọdẹ. Mo ya ìyàwó tuntun. Mo ya ìjòyè kan tó ní kí n dín imú òun kù. Mo dín in kù.

Lẹ́yìn náà ni ọwọ́ mi gbẹ. Mo ṣì lè kọ lẹ́tà. Mo lè ya igi, mo lè ya òkè. Ṣùgbọ́n tí mo bá dé ibi ojú ènìyàn, búrọ́ọ̀ṣì á dúró lọ́wọ́ mi bí ewúrẹ́ tó rí omi. Ọdún mẹ́rin ni mo fi ń kọ orúkọ sára ilẹ̀kùn àti sára ọkọ̀ akẹ́rù. Ìbítóyè gbẹ́nàgbẹ́nà, ọmọ Ìlá tó ti pẹ́ ní Adó, sọ ọ́ di yẹ̀yẹ́. Á ní, "Ọlọ́dà ti di ọlọ́dá." Ọ̀dà ni ohun tí mo ń kùn. Ọ̀dá ni kí òjò kọ̀ kó má rọ̀. Mo máa ń bá a rẹ́rìn-ín. Ó ti rẹ̀ mí jù láti bínú.

Mo mọ ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ tí a sin Monínúọlá ni.

Monínúọlá ni ìyàwó mi, ọmọ Ìgbẹmọ. Ibikíbi tí mo bá ti ń ṣiṣẹ́ ní Adó, tí oòrùn bá ti kan àtàrí, á gbé oúnjẹ mi wá. Á sọ̀ ọ́ kalẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Á ní, "Ẹ kú uṣẹ́ o." Bí àwa Èkìtì ṣe ń pè é nìyẹn, Èkó sì ti gbà á kúrò lẹ́nu mi, nítorí náà mo fẹ́ràn láti máa gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀. Èmi á ní, "Ọ̀o." Mi ò ní yíjú. Ọ̀dà kì í dúró de ènìyàn. Tó bá gbẹ, ó gbẹ. Òun á dúró díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni màá gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ń lọ. Ọdún mọ́kànlá ni a fi ṣe bẹ́ẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, ó kí mi lẹ́ẹ̀mejì. "Ẹ kú uṣẹ́ o." Mo dáhùn. Ó dúró pẹ́. "Ẹ kú uṣẹ́ o." Mo tún dáhùn. Fìlà ìjòyè ni mo ń yà lọ́wọ́. Ó padà sílé, ó dùbúlẹ̀. Ibà ni. Ojú rẹ̀ wú débi pé ẹni tí mo rí lórí ẹní kì í ṣe òun mọ́. Ní ọjọ́ kẹta, ó kú, a sì sin ín lọ́jọ́ náà.

Lẹ́yìn ìsìnkú ni mo jókòó láti yà á. A kò ya fọ́tò rí. Mo mú èédú lọ́wọ́, mo dijú kí n lè rí i dáadáa. Mo rí ọwọ́ rẹ̀. Mo rí bó ṣe ń we gèlè. Mo gbọ́ ohùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ibi tí ojú yẹ kó wà, kò sí nǹkan kan. Mo sunkún lọ́jọ́ náà ju ti ọjọ́ ìsìnkú lọ. Èmi tí mo ń ya ojú gbogbo ìlú, mi ò mọ ojú aya mi. Láti ìgbà náà, ohun kan ṣoṣo tí mò ń wá láyé ni kí n tún rí ojú yẹn, lẹ́ẹ̀kan péré.

Ní oṣù kejì ọdún 1934, Tíṣà Akínyẹlé tó ń bójú tó ìjọ wa ránṣẹ́ pè mí. Wọ́n fẹ́ àwòrán sára ògiri iwájú kí Àjíǹde tó dé. Jésù ni, àti obìnrin ará Samáríà lẹ́bàá kànga.

"Ọ̀sán gangan ló ṣẹlẹ̀," Tíṣà wí. "Ó wà nínú Bíbélì. Jẹ́ kí oòrùn hàn níbẹ̀."

"Tíṣà, mi ò lè ya ojú mọ́."

"Jésù wà lára káàdì. Wò ó yà."

Lóòótọ́ ni. Káàdì kan wà tí wọ́n fi ń kọ́ àwọn ọmọ ní ọjọ́ ìsinmi. Ṣùgbọ́n ikán ti wọ inú àpótí. Jésù kù, kànga kù, ìkòkò omi kù. Ojú obìnrin náà ni ikán jẹ.

"Ikán yìí mọ ohun tó ń jẹ," mo ní.

Tíṣà kò rẹ́rìn-ín. "Tí kò bá lójú títí di Sátidé tó ṣáájú Àjíǹde, ẹfun la ó fi kun gbogbo rẹ̀. A kò lè gbé obìnrin aláìlójú síwájú ìjọ."

Mo gbà á. Mo rò ó pé bí ojú ẹnikẹ́ni bá lè jáde lọ́wọ́ mi, bóyá ti Monínúọlá á tẹ̀ lé e. Bí kò bá sì jáde, mo ti pinnu pé màá da búrọ́ọ̀ṣì mi sínú ṣáláńgá, kí n lọ máa kọ ebè.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ya ìyókù. Mo ya Jésù bí mo ṣe rí i lára káàdì. Mo ya kànga. Mo ya ìkòkò tó dà bí èyí tí wọ́n ń mọ ní Ìsàn. Mo ya obìnrin náà láti ẹsẹ̀ dé ọrùn, mo sì we gèlè lé e lórí. Láàárín ọrùn àti gèlè, ògiri lásán ni. Ojoojúmọ́ ni mò ń gun àkàbà lọ dúró níwájú ògiri lásán yẹn. Ojoojúmọ́ ni mò ń sọ̀ kalẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ọ̀sán ṣe máa ń rí níbẹ̀. Gbogbo ìlú á ti lọ sóko. Ewúrẹ́ á ti dùbúlẹ̀. Atẹ́gùn kò sí. Ìbítóyè, tó ń kan àga ìjọ lábẹ́ igi ọ̀gangan ẹnu ọ̀nà, á ti gbé ayùn sílẹ̀ láti jẹun. Ohun kan ṣoṣo tí ènìyàn á máa gbọ́ ni páànù tó ń na ara nínú oòrùn. Ta. Á dákẹ́. Ta.

Lọ́jọ́ kan, páànù náà dákẹ́. Mo wà lórí àkàbà. Mi ò ro nǹkan kan.

"Ẹ kú uṣẹ́ o."

"Ọ̀o," mo ní.

Ẹnu mi ló dáhùn, ọkàn mi kò tíì débẹ̀. Gbogbo wa la mọ̀ pé a kì í jẹ́ ìpè lọ́sàn-án gangan tí a kò bá rí ẹni tó pe ni. Ìyá mi fà mí létí gan-an lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìpè ni wọ́n sọ. Ẹnikẹ́ni kò sọ nǹkan kan fún mi nípa ìkíni. Ta ni wọ́n máa kí lẹ́nu iṣẹ́ tí kò ní dáhùn?

Lẹ́yìn tí mo dáhùn tán ni mo tó dá ohùn náà mọ̀. Mi ò yíjú. Ẹ má pè é ní ìgboyà. Ọwọ́ mi ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í lọ. Búrọ́ọ̀ṣì tó ti kọ̀ láti ọdún mẹ́rin ń rìn lára ògiri, ó ń fa iwájú orí kan jáde, àti ibi tí irun ti bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ gèlè. Mi ò rọ́wọ́ mi bẹ́ẹ̀ rí, àní nígbà tí mo wà lọ́dọ̀ọ́. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ẹsẹ̀ tó ń lọ. Ọwọ́ mi sì dúró.

Mo yíjú nígbà náà. Kò sí ẹnì kankan. Ṣùgbọ́n lẹ́nu ọ̀nà, lórí sìmẹ́ǹtì, omi kán sílẹ̀, bí ìgbà tí ẹnì kan gbé ìkòkò tó kún dúró síbẹ̀. Oṣù kẹta nìyẹn. Òjò kò tíì rọ̀, kànga ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì sì ti gbẹ kanlẹ̀.

Mo jáde lọ bá Ìbítóyè.

"Ta ló wọlé?"

"Wọlé síbo?"

"Síbí. Obìnrin kan."

"Láti àárọ̀ ni mo ti kọjú sí ẹnu ọ̀nà yìí. Ewúrẹ́ kan ló fẹ́ wọlé, mo sì lé e." Ó wò mí. "Ọlọ́dà, o ti jẹun?"

"Rárá."

"Ebi ni."

Ní ọjọ́ kejì, ní àkókò kan náà, ó tún wá. Ó kí mi, mo dáhùn, imú jáde. Ní ọjọ́ kẹta, mi ò lè mú un mọ́ra. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ ni mo yíjú. "Ẹ kú u..." Ohùn náà já síbẹ̀, bí ìgbà tí okùn já. Ẹnu ọ̀nà ṣófo. Eruku ń léfòó nínú oòrùn. Títí tí ilẹ̀ fi ṣú, ọwọ́ mi kò lè fa ìlà kan.

Mo mọ òfin rẹ̀ wàyí. Tí mo bá kẹ́yìn sí i, ojú á máa jáde. Tí mo bá yíjú, mi ò ní rí ẹni, mi ò sì ní rí ojú.

Mo yàn láti kẹ́yìn sí i. Ẹ̀rù ń bà mí, inú mi sì ń dùn, àwọn méjèèjì sì ń rẹ̀ mí. Mo máa ń délé, màá sùn bí ẹni tó ru igi. Mi ò wo ojú náà pọ̀ lódindi. Mo fi aṣọ bò ó, mo sì máa ń ká ibi tí mo fẹ́ yà nìkan sókè, kí n sún mọ́ ògiri débi pé mò ń gbọ́ òórùn ẹfun. Mo fẹ́ kó pé ná. Ẹni tí ebi ti pa fún ọdún mẹ́rin kì í tọ́ ọbẹ̀ wò nínú ìkòkò. Mo fẹ́ jókòó kí n jẹ ẹ́ yó.

Ní Ọjọ́bọ̀ tó ṣáájú Àjíǹde, ẹyọ ẹ̀kán kan ló kù: ìmọ́lẹ̀ tó wà nínú ojú òsì. Ẹfun díẹ̀ péré lẹ́nu búrọ́ọ̀ṣì. Mo gun òkè, mo dúró. Páànù ní ta. Ó dákẹ́.

"Ẹ kú uṣẹ́ o."

"Ọ̀o."

Kò lọ. Mo gbọ́ òórùn iyán gbígbóná. Mo gbọ́ omi tó ń kán, ẹyọ kọ̀ọ̀kan, sórí sìmẹ́ǹtì. Mo gbọ́ tó ń mí.

"Ẹ kú uṣẹ́ o."

Ẹ̀ẹ̀kejì. Mo mọ ọjọ́ tí a padà sí. Ó tún wà lẹ́nu ọ̀nà, mo tún kẹ́yìn sí i, ó tún ń dúró. Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, mo mọ ohun tí ẹ̀ bá ṣe. Èmi náà mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n mo sọ fún ara mi pé bí mo bá yíjú, ẹnu ọ̀nà òfìfo ni màá rí, ojú á sì di àbọ̀. Bí mo bá parí rẹ̀, tèmi ni títí láé. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe dá ara mi lóhùn.

"Ọ̀o," mo ní. Mo kán ẹfun náà sí i.

Ẹsẹ̀ náà lọ. Ó lọ díẹ̀díẹ̀. Ó dà bí pé ó ti rẹ òun náà.

Mo sọ̀ kalẹ̀. Mo fa aṣọ náà. Mo fi ẹ̀yìn rìn títí mo fi kan ẹnu ọ̀nà, mo sì gbé ojú sókè.

Ìpàkọ́ ni mo rí.

Gèlè tí mo yà. Ọrùn tí mo yà. Ṣùgbọ́n obìnrin náà ti kẹ́yìn sí mi. Ìpàkọ́ rẹ̀ ló kọjú sí ìjọ, àti èjìká rẹ̀ méjèèjì. Mo gun àkàbà padà. Mo fi ìka kàn án. Ọ̀dà tútù ni, ibi tí mo kán ẹfun sí gan-an. Irun ọrùn ni mo rí níbẹ̀.

Mo ṣì wà lókè níbẹ̀ nígbà tí Tíṣà Akínyẹlé wọlé. Ó rìn dé àárín ṣọ́ọ̀ṣì. Ó dúró. Ó ṣí fìlà.

"Ọlọ́dà." Ohùn rẹ̀ kò jáde dáadáa. "Monínúọlá rèé."

"Kí lẹ rí?"

"Ojú rẹ̀."

"Níbo?"

Ó wò mí bí wọ́n ṣe ń wo aláìsàn. Ìbítóyè wọlé lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú ayùn lọ́wọ́. Kò rí yẹ̀yẹ́ kankan ṣe. "Ó kù kó sọ̀rọ̀," ló wí, ó sì jáde.

Lọ́jọ́ Àjíǹde, Sẹ̀gilọlá, àbúrò ìyàwó mi, fi ẹsẹ̀ rìn wá láti Ìgbẹmọ. Ó kúnlẹ̀ níwájú ògiri, ó sunkún dé ibi tó dé. Nígbà tó dìde, ó di ọwọ́ mi mú.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣé. Ẹ ò tilẹ̀ gbàgbé àpá àgbọ̀n rẹ̀."

"Àpá wo?"

"Àpá ọmọ ọlọ. A ń ṣeré nínú ulé, mo jù ú, ó gé e." Ó jọ̀wọ́ ọwọ́ mi. "Ọdún mọ́kànlá lẹ fi fẹ́ ẹ. Ẹ ò mọ̀ ọ́n?"

Mo kàn bi í pé, "Ibo ló ń wò?"

Ó wò ó pẹ́. "Òkè. Ó dà bí pé orí àkàbà yín ló ń wò. Bí ẹni tó ń dúró de kí wọ́n yíjú."

Àwọn àgbà ní ìpàkọ́ onípàkọ́ là ń rí, ẹni ẹlẹ́ni ní ń bá ni rí tẹni. Mo máa ń fi òwe yìí dápàárá tẹ́lẹ̀. Mi ò fi dápàárá mọ́. Fún ọdún mọ́kànlá, ìpàkọ́ mi ni obìnrin yẹn gbé oúnjẹ wá fún.

Ọwọ́ mi padà. Ó yẹ kí n sọ ìyẹn náà. Láti ọjọ́ náà, kò sí ojú tí mi ò lè yà. Wọ́n ń wá láti Ìgèdè, wọ́n ń wá láti Ìgbẹmọ, pé kí n ya bàbá àwọn, kí n ya ọmọ àwọn tó kú. Mò ń yà wọ́n, wọ́n ń sunkún, wọ́n ń súre fún mi. Ire náà kì í wọ̀ mí lára.

Tí oòrùn bá ti kan àtàrí, màá gbé búrọ́ọ̀ṣì sílẹ̀, màá lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Mo máa ń jókòó sórí àga tí Ìbítóyè kàn, kí n kọjú sí ẹnu ọ̀nà, kí ẹni tó bá ń bọ̀ lè bá ojú mi nílẹ̀. Nígbà àkọ́kọ́ tí mo ṣe bẹ́ẹ̀, mo jókòó pẹ́. Páànù dákẹ́. Mo tẹ ojú mọ́ ẹnu ọ̀nà.

"Ẹ kú uṣẹ́ o."

Ẹ̀yìn mi ni. Ara ògiri ni ó ti wá.

"Ọ̀o," ẹnu mi wí. Mo yíjú. Ìpàkọ́ ni.

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń rí láti ìgbà náà. Bí mo bá kọjú sí ògiri láti ìbẹ̀rẹ̀, kò ní kí mi. Bí mo bá kẹ́yìn sí i, á kí mi, ẹnu mi á sì yára dáhùn kí ọrùn mi tó yí. Mo ti gbìyànjú láti pa ẹnu náà mọ́. Ẹnu tó ti mọ iṣẹ́ rẹ̀ láti ọdún mọ́kànlá, ẹ bá mi bá a wí.

Ṣùgbọ́n ní ọdún kejì, mo rí ohun kan. Etí òsì. Kò sí níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Mo pe Tíṣà. Ó ní àwòrán náà kò yí padà rárá, ojú rẹ̀ ni òun ń rí, kí n lọ sinmi. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, mo rí etí ẹ̀rẹ̀kẹ́, tẹ́ẹ́rẹ́, bí oṣù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé. Ó ń yíjú. Ó ń yí i ní ìwọ̀n tí ó wù ú. Èmi sì ń darúgbó.

Ọdún 1938 la wà yìí. Ohun tó jẹ́ kí n kọ ọ́ sílẹ̀ lónìí ni pé ní ọ̀sán àná, ó kí mi lẹ́ẹ̀mejì.

Ti àkọ́kọ́, mo dáhùn. Mi ò tíì yíjú tí èkejì fi dé. "Ẹ kú uṣẹ́ o." Mo fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu mi. Ó dùn mí, bí ẹni tó ń gbé egungun ẹja mì. Mi ò dáhùn. Mo yíjú ná.

Etí. Ẹ̀rẹ̀kẹ́. Àgbọ̀n, àti àpá kékeré kan lára rẹ̀, bí ibi tí ọmọ ọlọ ti gé ọmọdé.

Ojú ló kù.

Nígbà tó kí mi lẹ́ẹ̀mejì láyé, ọjọ́ kẹta ni ó kú, tí a sì sin ín. Ọ̀la ni ọjọ́ kẹta. Mo ti fọ agbádá mi. Màá tètè débẹ̀.